Ohun Tó Di Ẹsẹ̀ Agnes Mú

Ẹsẹ̀ òsì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún Agnes kò ní ẹjọ́ kankan. Ó lè gbé e láti Odigbó dé Òrè, kó gbé e padà, kó sì tún dúró nídìí agbada gààrí títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ṣùgbọ́n látìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kejì ni iṣan ẹ̀yìn ojúgun òsì ti yọ síta bíi gbòǹgbò, tó bá sì ti sáré jìnnà díẹ̀, ẹsẹ̀ náà á wúwo, á wú, á sì máa gbóná di ọjọ́ kejì.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè béèrè pé kí ló ń lé e. Kò sóhun tó ń lé e. Obìnrin tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ajue ni, tíṣà ló fẹ́, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ràn kó máa sáré. Láti kékeré ló ti ń sá a, láti oko dé ilé ìwé. Nígbà tó lọ́kọ, àwọn ará àdúgbò rò pé yóò fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n.

Ẹnì kan ṣoṣo tí ẹnu kò rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá kì í ṣe èèyàn burúkú, ká tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà ti gbé e sí ẹ̀wọ̀n lọ́kàn. Lọ́dún tó ṣáájú, Agnes lọ sá eré ìje kan lọ́nà Òkìtìpupa. Ẹsẹ̀ náà wú débi pé kò ṣeé fi tẹlẹ̀. Ọkọ̀ tó kó ẹ̀gẹ́ ló gbé e wálé, wọ́n tẹ́ ẹ sórí àpò. Odindi àsìkò ìroko yẹn, Màmá, pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro ó, ló bá a ro oko rẹ̀. Kò ráhùn. Ìgbà tó roko tán ló tó pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jókòó.

“Mi ò ní kí o má sáré,” ó ní. “Bí mo bá wí bẹ́ẹ̀, o ò ní gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yẹn bá tún wú lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí nìyẹn. Sọ ọ́ kí ọkọ ẹ gbọ́.”

Agnes wo ọkọ rẹ̀, Ọlọ́rundáre. Ọlọ́rundáre ń wo ilẹ̀.

“Bó bá tún wú, Màmá, mo fi í sílẹ̀. Mi ò ní sá a mọ́ láyé mi.”

Nínú ilé yẹn, bí èèyàn bá ti la ẹnu sọ nǹkan, kò tún sí ọ̀nà àtigbé e mì. Láti ọjọ́ náà ni Agnes ti mọ̀ pé eré tó kù fún òun láyé wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ kan.

Ọdún tí à ń wí yìí, àwọn ṣójà ló ń ṣèjọba, ètò ọrọ̀ ajé wọn tí wọ́n ń pè ní SAP ti fún gbogbo nǹkan gbẹ, epo bẹntiróòlù sì ti di ohun tí èèyàn ń sùn tì nílé epo. Kánsù kò ní ohun púpọ̀ tí wọ́n lè fi dá àwọn èèyàn lára yá. Ohun tí wọ́n rí ṣe náà ni eré ìje: ẹ sá a láti Òrè dé Odigbó, kí ẹ yí padà sí Òrè. Obìnrin mẹ́rin tó bá ṣáájú yóò lọ sí Àkúrẹ́ láti du àyè nínú ẹgbẹ́ eléré ìpínlẹ̀. Ẹni tó ń bójú tó o ni Gàzálì, ọmọ Ìkárẹ́ tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá eré ìdárayá, ọkùnrin tó ga bí òpó iná tó sì máa ń fọwọ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ti sọ fún Agnes pé kò sóhun tó ní kó má sáré, tó bá ṣáà ti lè rí ìbọ̀sẹ̀ tó ń fúnni wọ̀. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn náà parí sí, torí nígbà yẹn, owú lásán ní ọsibítù, wọ́n á ní kí aláìsàn lọ rà á wá láti ìta. Agnes bá lọ bá Gàzálì.

“Ìyá Joshua, ẹ gbọ́,” Gàzálì ní, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú. “Níbí ni kó ti fún jù. Kó wá máa dẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gòkè, títí dé abẹ́ orúnkún. Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá yín tì sókè. Bó bá wá jẹ́ pé òkè ló fún ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ ti tìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀ yín o, kí ẹ tó rìn lọ síbì kankan. Ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í ṣe ẹsẹ̀ àárọ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà yé Agnes yékéyéké. Ká sọ òótọ́, yíyé tó yé e kò dí i lọ́wọ́ kó má kọ́kọ́ ṣi ọ̀kan mú.

Jàmíátù ló ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Òrè. Ó ní òkìtì tirẹ̀ fún ìbọ̀sẹ̀, bí oríṣiríṣi aṣọ mìíràn ṣe ní òkìtì tiwọn. Ohun tó kọ́kọ́ nà sí Agnes ni sítọ́kììnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó ń dán.

“Èyí ló wà lóde,” Jàmíátù ní. “Àwọn ìyàwó ọ̀gá ṣójà ló ń wá a kiri.”

Agnes ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á. Ó nà títí bí ẹni pé kò ní dúró mọ́, ṣùgbọ́n kò fún ọwọ́ rẹ̀ rárá, èékánná rẹ̀ sì dá ihò sí i. Ojú Jàmíátù yí padà. Agnes yára gbé e kalẹ̀, ó mú họ́sì agbábọ́ọ̀lù kan, pupa fòò, tó nípọn, tí ẹnu rẹ̀ le bí okùn. Ojú rẹ̀ ti wọ pupa yẹn kí ọwọ́ rẹ̀ tó kàn án. Kò rántí okùn tó fi wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, tó so kókó sí, tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ó rà á, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ sílé.

Ọjọ́ kejì ló wọ̀ ọ́ sáré, ẹnu họ́sì náà sì di í mú lábẹ́ orúnkún bí ẹni tó ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó wọ Odigbó, kò mọ̀ mọ́ bóyá òun ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Nígbà tó bọ́ ọ, ojú ibi tó ti fún un jìn débi pé ọmọ ìka lè sùn sínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó jókòó sórí ìtí igi lẹ́bàá ọ̀nà títí ẹsẹ̀ náà fi fúyẹ́, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé lọ́nà ẹ̀yìn kí Màmá má baà rí i.

Jàmíátù kì í gba ọjà padà, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín yẹn ló sì mú kó gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, Agnes yọ okùn rẹ̀ jáde. Wọ́n tú òkìtì náà ká títí wọ́n fi kan ìdí àpò, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ìbọ̀sẹ̀ méjì tí àwọ̀ wọn dà bí ewé kòkó gbígbẹ, tó nípọn, tí kò ní orí ọmọ ìka, tó ń rùn káńfọ̀. Jàmíátù ti rò pé eku ló jẹ orí wọn.

“Arúgbó òyìnbó kan ló ni èyí,” ó ní. “Ó burẹ́wà, kọ́sítọ́mà. Fi sílẹ̀.”

Agnes fa ọrùn rẹ̀. Ó le, kò fẹ́ẹ́ gbà. Ó fa àárín. Ó gbà díẹ̀. Ó fa ẹnu rẹ̀ lókè. Ó gbà dáadáa, ó sì padà sípò kíá. Ó fi kókó okùn rẹ̀ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ àti lókè. Bí Gàzálì ṣe fọwọ́ ṣe é gan-an ló rí.

“Kì í ṣe ìgbéyàwó ni mò ń wọ̀ ọ́ lọ,” Agnes ní.

Ìbọ̀sẹ̀ náà ṣiṣẹ́. Lójoojúmọ́ ló ń sáré, lójoojúmọ́ ni ẹsẹ̀ òsì ń dé ilé bí ọ̀tún ṣe ń dé e. Ayọ̀ yẹn kò kéré lọ́kàn rẹ̀. Ìgbà mìíràn, á kàn ṣáà máa fọwọ́ pa ojúgun rẹ̀ nídìí agbada, á máa dá rẹ́rìn-ín. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ò ju wíwọ̀ lọ. Á jókòó sílẹ̀, á fi ẹ̀yìn ti ògiri, á máa fà, á máa mí gulegule, òógùn á bò ó kó tó jáde nílé.

“O ti ń rọbí láti àárọ̀,” Màmá á wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. “Ṣé akọ ni àbí abo?”

“Ìsàlẹ̀ ló fún jù, Màmá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó bá ń gòkè, á máa dẹ̀.”

Màmá fara balẹ̀ wò ó. Òun ló máa ń di ikùn fún àwọn ìyá ọmọ ládùúgbò, ó sì mọ ohun tí ìdì jẹ́. Ọ̀já àwọn ìyá ọmọ náà ló fi ń dì wọ́n o, kì í ṣe tirẹ̀. Ọ̀já tirẹ̀, aláwọ̀ aró tí iná jó létí kan, ni ó fi pọn Ọlọ́rundáre, òun nìkan tó kù fún un nínú gbogbo ọmọ tó bí. Inú àpótí ló wà, káńfọ̀ ló ń bá gbé. Nígbà tí Agnes bí Joshua, ó tọrọ rẹ̀ láti fi pọn ọmọ náà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. “Lọ ra tìẹ,” ni èsì tí Màmá fún un, àpótí sì wà ní títì.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, Gàzálì ní kí gbogbo eléré fi ẹsẹ̀ wọn sinmi. Agnes fọ ìbọ̀sẹ̀ náà, ó sá a sórí okùn, ó sì kọjú sí oko àti gààrí. Kò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò fún?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri bó ṣe máa ń ṣe, ó mí kanlẹ̀, ó fà á. Ìbọ̀sẹ̀ náà gòkè wọ́rọ́wọ́, kò bá a jà rárá. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Àmọ́ bó ti dìde, ìbọ̀sẹ̀ náà rọra ká padà wálẹ̀, ó jókòó sí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fà á sókè, ó tún jábọ́. Ó wá gbóòórùn àdín.

Nínú ilé yẹn, àdín kò ní ohun tí kì í ṣe. Òun ni wọ́n ń fi pa ọmọ tuntun lára, òun ni wọ́n ń fi wọ́ ẹsẹ̀ tó bá rọ́, òun ni wọ́n ń dà sí ilẹ̀kùn tó bá ń dún. Awọ bàtà tó bá le, àdín ni yóò mú un rọ̀. Kò sẹ́ni tó tíì bi àdín léèrè bóyá ó mọ rọ́bà inú ìbọ̀sẹ̀.

“Màmá, kí ló dé ìbọ̀sẹ̀ yìí?”

“Ó ti rọ̀, àbí?” Màmá ní, ojú rẹ̀ dùn. “Mo ti ń fi àdín pa á láti ìgbà tí o ti fọ̀ ọ́. Mo gbé e sí òkè ààrò kó lè mu ún dáadáa. Ìyà yẹn ti pọ̀ jù.”

Agnes gbé ìbọ̀sẹ̀ náà lọ sídìí omi. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fún un, ó tún fọ̀ ọ́. Òórùn àdín lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọ̀sẹ̀ náà kò padà. Ó wò ó lọ́wọ́ rẹ̀, inú sì bí i gan-an. Ẹni tó fẹ́ kí òun fi eré sílẹ̀ ti rí ọ̀nà gbé e gbà, ohun tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sì dúró kó sọ ọ́ lọ́kàn nìkan.

“Ẹ ti rí ohun tí ẹ ń wá, Màmá.”

Ìyàwó ilé kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé ẹnu. Ọlọ́rundáre, tó ń wá ọ̀kadà lójúde, kò gbọ́. Agnes jáde, ó gun ọ̀kadà náà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì forí lé Òrè.

Àwọn táńkà tó ń retí epo tò lọ rẹrẹ níbi tí wọ́n ti máa gbéra, àwọn ṣójà sì ń ṣọ́ wọn. Mọ́tò kánsù kò rí epo, nítorí náà kẹ̀kẹ́ ni Gàzálì fẹ́ gùn tẹ̀ lé àwọn eléré. Ó fa ìbọ̀sẹ̀ náà, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ náà wà bó ṣe fà á.

“Rọ́bà inú ẹ̀ ti kú,” ó ní jẹ́jẹ́. “Mo lè gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ fún yín, kí ẹ fi di òkè rẹ̀ kó má baà jábọ́.”

Agnes rántí họ́sì pupa. “Ilẹ̀kùn lẹ fẹ́ bá mi tì yẹn.”

“Òótọ́ ni. Ṣé kí ẹ wá jẹ́ kó di ọdún mìíràn?”

“Rárá.”

Ó sá a. Títí wọ́n fi jáde ní Òrè, ó ń bẹ̀rẹ̀ fa ìbọ̀sẹ̀ òsì sókè, ó ń jábọ́. Nígbà tó sú u, ó bọ́ ọ, ó kì í bọ ìdí ṣòkòtò. Ẹni kẹta ni òun nígbà yẹn, èémí rẹ̀ já gaara, ọ̀nà sì dá torí àìsí epo. Kò sóhun tó kù tó fẹ́ ju kó máa lọ báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí òrùlé Odigbó yọ, ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo.

Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Bó bá dúró níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà á sọ̀, àdéhùn á sì dúró, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ti lọ. Bó bá ń sáré lọ, ó lè dé Àkúrẹ́ lórí ìwé, àmọ́ ẹsẹ̀ náà á wú kó tó wọ Òrè, eré á sì parí láyé rẹ̀. Ó ń sáré, ó ń rò ó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

Níbi tí wọ́n ti ń yí padà ní Odigbó, Màmá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó gbé àpótí ìjókòó kékeré wá láti ilé ìdáná. Aṣọ aláwọ̀ aró kan wà lọ́rùn rẹ̀, tó ti ya á gígùn gígùn, etí kan rẹ̀ jó.

“Jókòó,” ó ní.

Agnes rí aṣọ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ó jókòó. Màmá kúnlẹ̀ sórí ọ̀dà títì, ó gbé ẹsẹ̀ òsì náà lé itan ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fún un pinpin ní ọrùn ẹsẹ̀. Obìnrin kan kọjá, òmíràn tún kọjá, ẹnì kẹta tẹ̀ lé wọn.

“Wọ́n ń kọjá mi lọ, Màmá.”

“Jẹ́ kí ghan lọ.” Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń gòkè, ó ń dẹ ìdì náà díẹ̀díẹ̀. “Ohun tí o ní mò ń wá láàárọ̀ yẹn, mi ò wá a.”

“Ẹ forí jì mí, Màmá.”

“Mo fẹ́ kí o fi í sílẹ̀. Mo ṣì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló máa fọwọ́ ara mi já a gbà lọ́wọ́ ẹ.” Ó ki etí aṣọ náà bọ inú ìdì lábẹ́ orúnkún, ó fi ìka kan yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò fún jù. “Dìde.”

Agnes dìde. Ẹsẹ̀ náà dúró.

Ó sá a padà. Ó lé ẹnì kan bá, ó kọjá rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn àwọn yòókù níwájú, ọ̀nà sì tán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni karùn-ún ló ṣe. Gàzálì wò ó láti orí kẹ̀kẹ́, ó mi orí. Ìbànújẹ́ wà lọ́kàn Agnes, kò ní sọ pé kò sí. Ó fẹ́ Àkúrẹ́ gan-an.

Ọlọ́rundáre mú un jókòó sí ẹsẹ̀ táńkà kan, ó kúnlẹ̀, ó ń tú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú u dé àárín kó tó rí etí tí iná jó. Ó dúró, ó na aṣọ náà lọ́wọ́, ó wò ó lọ wò ó bọ̀.

“Ta ló ya èyí?”

“Ẹni tó ni ín,” Agnes ní.

Ọlọ́rundáre rọra ká apá tó ti tú. Ó tú ìyókù, ó tẹ ojúgun ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó tẹ ti ọ̀tún. Ojú ibi tó tẹ̀ kò jìn.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá kò béèrè ipò tó ṣe. Ó ní kó jókòó, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ dé orúnkún. Ó fi àkókò ṣe é.

“Kò wú,” ó ní nígbà tó yá. Ó mí kanlẹ̀. “Kò wú o. A jọ ṣàdéhùn, àdéhùn náà dúró.”

Ó fọ aṣọ yíya náà, ó sá a, nígbà tó sì gbẹ, ó ká a róbótó. Agnes rò pé inú àpótí ni yóò dá a padà sí. Orí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé e kọ́, pẹ̀lú bàtà tí Agnes fi ń sáré, ó sì gbé ìgò àdín kúrò nítòsí ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò ti àpótí yẹn mọ́.